Ẹ̀rọ Tí Àkíbù Gbé Bọ̀ Láti Tamale

Alajo, ní ìlú Accra, ni wọ́n bí Àkíbù sí, nínú ilé tí bàbá rẹ̀, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, ti ń ta ìṣó àti irin. Ṣùgbọ́n Tamale, ní àríwá Ghana, ló ti lo ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, tó ń fi ẹ̀rọ ṣe ọnà sára fúgù, ẹ̀wù àwọn ará ibẹ̀, àti agbádá. Kì í ṣe ẹ̀rọ tí à ń fẹsẹ̀ tẹ̀ o. Olórí méjì ni, abẹ́rẹ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó sì gba ọkùnrin mẹ́jọ kí ó tó kúrò nílẹ̀. Nígbà tí ojú Àkíbù di bàìbàì, tí kò rí ihò abẹ́rẹ́ mọ́, ó ní òun ń darí sílé, òun yóò sì gbé ẹ̀rọ náà fún Rasheedah, ọmọ rẹ̀ obìnrin, tó kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ tó sì ti ṣí ṣọ́ọ̀bù sí Alajo.

Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe eré. Rasheedah ti gba iṣẹ́ báàjì ọ̀ọ́dúnrún lọ́wọ́ ilé ìwé kan ní Dansoman, ó sì ti fi dá wọn lójú pé ẹ̀rọ ń bọ̀. Bí ẹ̀rọ bá bàjẹ́ lójú ọ̀nà, iṣẹ́ lọ nìyẹn, bàbá àtọmọ ò sì ní agbára àtira òmíràn.

Àkíbù wá di wàhálà sí gbogbo ayé lọ́rùn. Ó gbé gbogbo abẹ́rẹ́ sókè, ó fi àjákù aṣọ so férémù kí ó má baà máa rìn síwá sẹ́yìn, ó ki igi sábẹ́ orí ẹ̀rọ méjèèjì, ó sì fi bóòtù onírin de ẹsẹ̀ ẹ̀rọ mọ́ pákó tó nípọn. Ojú kọ̀ǹpútà rẹ̀ ló yọ, tó fi bùláńkẹ́ẹ̀tì wé, ó ní orí itan òun ni yóò wà dé Accra. Faruk, awakọ̀ akẹ́rù Kíà tó máa ń kó ẹrù lọ sí Tudu, ibùdókọ̀ kan ní Accra, gbọ́ ìkìlọ̀ títí etí rẹ̀ fi kún: ẹ̀rọ ò gbọdọ̀ fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fara tì í, ẹrù kankan ò gbọdọ̀ gun orí rẹ̀, ì báà ṣe fìlà.

Ṣùgbọ́n ọmọ Yorùbá kì í ti àjò bọ̀ lọ́wọ́ òfo. Àkíbù mọ̀ pé bí òun bá ti sọ̀ kalẹ̀ ní Alajo, ọwọ́ òun ni àwọn ará ilé yóò kọ́kọ́ wò. Ó ti ra òrí, ògidì òrí Tamale, ìṣù ńlá márùn-ún tí wọ́n fi ọ̀rá dì. Ibo ni yóò gbé e sí tí kò ní rún? Ó wo inú ọkọ̀ yíká, kò sì rí ibi tó ní tìmùtìmù tó ti ẹ̀rọ. Òtútù ọyẹ́ mú láàárọ̀ ọjọ́ náà, òrí le bí òkúta. Faruk ń kírun àsùbáà lọ́wọ́ nígbà tí bàbá onífìlà-kò-gbọdọ̀-gùn-ún yọ́ wọ abẹ́ tapólì tí wọ́n fi bo ẹrù, tó gbé òrí lé tábìlì ẹ̀rọ, níbi tí abẹ́rẹ́ ti ń wọlẹ̀ gan-an. Kò sọ fún ẹnì kan.

Faruk wakọ̀ bí ẹni tó gbé ẹyin. Ní Kintampo, ní Techiman, Àkíbù ń sọ̀ kalẹ̀, ó ń fa okùn wò, okùn ò tú. Nígbà tí wọ́n fi kọjá Kumasi, oòrùn ti ń ṣe bí iná lórí tapólì. Àkíbù ń yin ara rẹ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́, wọ́n dé Alajo, àwọn ọkùnrin àdúgbò to páìpù sílẹ̀, wọ́n fi yí ẹ̀rọ wọ ṣọ́ọ̀bù. Rasheedah tú ìdè. Òrí ti yọ́, ó ti gba ihò abẹ́rẹ́ ṣàn wọ ilé bọ́bìnì, ibi tí òwú abẹ́ ń gbé, ó sì ti ń dì padà níbẹ̀. Ó fọwọ́ kàn án, ó gbóòórùn rẹ̀, ló bá yíjú sí Faruk. Ó fi Hausa bi í pé ta ló ní kó kó ẹrù ara rẹ̀ lé ẹ̀rọ ẹlẹ́ẹ̀rọ, ó ní òun yóò fẹjọ́ rẹ̀ sun ọ̀gá àwọn awakọ̀ ní Tudu. Faruk búra títí, Rasheedah kò gbà á gbọ́.

Àkíbù dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, ó ń gbọ́. Bó bá dákẹ́, ta ni yóò fura sí bàbá? Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Àgbà tó wà lọ́jà tọ̀tẹ̀ yìí, òun fúnra rẹ̀ ló wọ́ ọ. Ojú tì í gidigidi, àánú Faruk sì ṣe é.

“Rasheedah, fi í sílẹ̀,” ó ní. “Èmi ni mo gbé òrí síbẹ̀. Kò mọ̀ rárá.”

 Rasheedah kúnlẹ̀ bẹ Faruk, ó bu omi fún un, ó sì ní kí bàbá òun jókòó.

Ọjọ́ méjì ló fi tú abẹ́ ẹ̀rọ náà, tó ń fi kẹrosíìnì àti búrọ́ọ̀ṣì họ òrí kúrò lára irin. Àkíbù kọ́kọ́ gba sukudiráfà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní ọmọdé ò mọ ibẹ̀. Ó yọ̀ lórí sukúrù lẹ́ẹ̀mejì. Ó dá a padà fún ọmọ rẹ̀, ó mú tọ́ọ̀ṣì, ó sì ń rán an létí èyí tó yẹ kó kọ́kọ́ yọ.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kẹta, Rasheedah fi òwú sí i, ó tan iná.

“Bàbá, ẹ wá tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀rọ yín ni.”

Àkíbù na ìka, ó táràrà títí ó fi rí bọ́tìnì náà. Ló bá ká ọwọ́ kò.

“Tìrẹ ni,” ó ní. “Ìwọ tẹ̀ ẹ́.”

Rasheedah tẹ̀ ẹ́. Orí méjèèjì dáhùn pọ̀. Nígbà tí báàjì àkọ́kọ́ parí, ó gbé e lé bàbá rẹ̀ lọ́wọ́. Ojú Àkíbù kò lè kà á, nítorí náà ó fi ìka tọ lẹ́tà kọ̀ọ̀kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Kò sí èyí tó fò. Ó di báàjì náà mú, ó sì ní kí ọmọ òun ṣe òmíràn.