Hóró Kọfí Tí Mo Fi Eyín Fọ́

Títí dòní, bí mo bá gbóòórùn kọfí tí wọn ò tíì yan, inú á bí mi.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan ní Atakpamé, nílẹ̀ Togo, ọkùnrin tó ń ra kọfí fi ojú lásán wo àpò ìyá mi, ó ní, “Kò gbẹ. Ẹ gbé e lọ.”

Ìyá mi ní, “Kí lẹ fi mọ̀, ọ̀gá?”

Ó yíjú sí àpò ẹlòmíràn. Mo rò pé kò mọ bí wọ́n ṣe ń fi eyín dán kọfí wò ni: bí eyín bá wọ inú ẹ̀, kò gbẹ, bó bá dún pá, ó ti gbẹ. Mo sọ hóró kan látinú àpò wa sẹ́nu níwájú ẹ̀, mo fi eyín fọ́ ọ. Pá!

“Ẹ lé ọmọ yìí jáde!” ni ọkùnrin náà pariwo.

Mo dàgbà kí n tó mọ̀ pé ó kúkú mọ̀ pé ó ti gbẹ; ó kàn fẹ́ kí ìyá mi tà á lọ́pọ̀ ni.

Òfin tí kọ̀ǹpútà fi ń pinnu bóyá kó gba ohun tẹ́nì kan béèrè tàbí kó kọ̀ ọ́, tó sì lè sọ ìdí ẹ̀, ni mò ń kọ lónìí. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ní irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ kò bágbà mu mọ́, pé èyí tó ń kọ́ ara ẹ̀ láìsí òfin ló wà lóde. Ìyẹn kàn wọ́n. Ẹ̀rọ tí mo bá kọ́ kò ní sọ “rárá” fún ìyá ẹnikẹ́ni láìsọ ìdí.