Fìlà Tí Àrìnkẹ́ Ń Tú

Ọdún tí owó epo rọ̀bì gba ìgboro kan, tí fìlà òkè òkun kún sọ́ọ̀bù gbogbo l'Óṣòdì, ni ẹsẹ̀ oníbàárà dá lọ́dọ̀ Àrìnkẹ́ ahunfìlà. Opó ni, ará Ìwó. Yàrá kan ló háyà n'Ísọlọ̀, lẹ́yìn ilé iṣẹ́ aláṣọ kan. Olúfọlákẹ́, ọmọ kan ṣoṣo tó bí, ti bá ọkọ lọ sí Kàdúná. Ọjọ́ mìíràn wà tí Àrìnkẹ́ á hun òwú láti àárọ̀ dalẹ́ láìbá èèyàn kan sọ̀rọ̀.

Ọ̀sán Sọ́ńdè kan ni ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Gàfárù kanlẹ̀kùn rẹ̀. Omi gbígbóná ti bó o lórí níbi iṣẹ́, ojú àpá náà kò sì fẹ́ ohun tó le.

"Ẹ jọ̀ọ́, fìlà tí kò ní máa họ mí lórí ni mo ń wá."

Àrìnkẹ́ fi wúùlù pupa hun ọ̀kan. Ó ń yún un. Ó fi òwú dídán aláwọ̀ búlúù hun òmíràn. Ìyẹn ń yọ̀ ṣọ̀ọ̀. Ló bá mú òwú funfun rírọ̀, ó hun ún lójú-lójú bí àwọ̀n, kí atẹ́gùn lè ráyè kọjá. Ní Sọ́ńdè kẹta, fìlà náà bá orí rẹ̀ mu rẹ́gí. Àrìnkẹ́ yára ṣí i kúrò.

"Ó kù díẹ̀, ẹ̀gbọ́n. Ẹ padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀."

Bí ọkùnrin náà ti jáde, ó fa òwú, ó tú u dé ìdajì. Bó ti ń ṣe é lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ nìyẹn. Gàfárù á jókòó sórí àpótí, á máa ròyìn Ṣakí ìlú rẹ̀ àti ìyàwó rẹ̀ tó ti kú. Àrìnkẹ́ á máa hun díẹ̀díẹ̀, á máa rẹ́rìn-ín.

Nígbà tó pé oṣù méjì, Gàfárù ní, "Iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ mi, Ìyá Fọlákẹ́. Mò ń lọ sílé lọ́la."

"Fìlà yín ò tíì tán."

"Ó ti tó mi lórí tipẹ́. Mo mọ̀ pé ẹ̀ ń tú u. Èmi náà ò fẹ́ kó tán ni."

Ojú ti Àrìnkẹ́. Ó tẹrí ba, ó hun ìyókù, ó gé òwú. Gàfárù dé e.

"Ṣé ẹ ò ní wá kí mi ní Ṣakí?"

"Ó jìnnà," ló sọ.

Lọ́jọ́ kẹjọ tí Gàfárù lọ, Àrìnkẹ́ lọ sí gárèèjì Òṣòdì, ó béèrè ọkọ̀ Ṣakí. Wọ́n fi hàn án. Ó dúró tì í, kò wọlé, títí ọkọ̀ náà fi kún, tó sì gbéra.