Imú Àlejò Lórí Agbada Òróró

Ọdún kẹrìndínlọ́gbọ̀n rèé tí Ran Dezhen ti ń ta núdù aláta láàárín àtẹ̀gùn òkúta kan ní Chongqing. Kó tó di pé ó ń ta núdù, òwú ló ń ran ní ilé iṣẹ́ ìhunṣọ. Nígbà tí ilé iṣẹ́ náà kógbá wọlé, ó wá ààrò kan, ó sì kó ìjókòó onírọ́bà jọ: àwọn gíga ni tábìlì, àwọn kúkurú ni àga. Kò sí ẹni tó kọ́ ọ ní òróró ata. Odindi ìgbà òtútù kan ló fi ń ba òróró jẹ́ tó ń dà á nù, títí imú rẹ̀ fi mọ ìgbà gan-an tó yẹ kí òróró gbígbóná bọ́ sórí ata gígún. Láti ìgbà náà, kì í wo aago, kì í wo iná. Imú ló fi ń dín.

Imú yìí náà ni ibà gbà lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà ọdún tuntun. Ahọ́n rẹ̀ ṣì mọ iyọ̀, ó mọ kíkan, ata sì ń jó o lẹ́nu bó ṣe yẹ, ṣùgbọ́n òórùn gbogbo ti pa rẹ́. Dókítà ní ó lè padà láàárín ọdún kan, ó sì lè má padà. Dezhen kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ta ni yóò jókòó jẹun lọ́wọ́ alásè tí kò gbọ́ òórùn? Nígbà tí òróró tó dín ṣáájú àìsàn náà tán, ojú ló fi dín tuntun. Ó jóná díẹ̀, kò mọ̀. Àwọn oníbàárà ló mọ̀.

"Dezhen, ta lo bá jà?" Baba Tan bi í. Ogójì ọdún ni Baba Tan fi ọ̀pá ọparun ru ẹrù gun àtẹ̀gùn yẹn kó tó fẹ̀yìn tì, ẹnu rẹ̀ kò sì ní ìlẹ̀kùn. "Òróró yìí korò ju èébú ìyàwó mi lọ."

"Ẹ fi ọtí kíkan kún un," Dezhen dáhùn, ó fi ẹ̀rín bò ó.

Èyí tó dín tẹ̀ lé e kò jóná, ṣùgbọ́n kò jinná. Àwọn kan bẹ̀rẹ̀ sí í kọjá níwájú rẹ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀bù tuntun tó wà nísàlẹ̀ àtẹ̀gùn. Dezhen sọ fún ara rẹ̀ pé bí ẹlẹ́ẹ̀kẹta bá tún bàjẹ́, òun yóò pa ààrò, ó parí.

Ọ̀sẹ̀ yẹn ni Weng Lan dé. Olùkọ́ ni, ọmọ Ningbo létí òkun, níbi tí ẹja àti iyọ̀ ti tó wọn, tí àpò ata kékeré kan sì lè wà nínú ilé fún odindi ọdún. Ó gba ìsinmi, ó ní òun fẹ́ jẹ oúnjẹ Chongqing bí ọmọ Chongqing ṣe ń jẹ ẹ́. Ilé àlejò tó wà lókè ààrò Dezhen ló wọ̀ sí.

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́," ó ní láàárọ̀ ọjọ́ àkọ́kọ́, "ẹ má fi ata sí tèmi."

Gbogbo àwọn tó tò láti ra núdù yíjú sí i. Baba Tan gbójú sókè nínú abọ́ rẹ̀. "Ṣé ara rẹ ò yá ni, ọmọ mi? Àbí eyín ló ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù?"

"Ara mi yá, Bàbá. Ọbẹ̀ ata yín tí wọ́n ń ti ẹran bọ̀ ni mo jẹ lánàá. Mi ò tíì rí ètè mi láti ìgbà náà."

"Fara balẹ̀. Tèmi ti lọ láti kékeré, mi ò sì wá a mọ́."

Dezhen fi ìdajì ṣíbí òróró ata sí i. "Níbí o," ó ní, "èyí là ń pè ní àìfatasí."

Weng Lan jẹ ẹ́ tomijé-tomijé, ó sì fá abọ́. Lọ́jọ́ kejì, ó gba ṣíbí kan. Láràárọ̀ ló ń ròyìn ohun tó jẹ lánàá fún àwọn tó tò: ẹ̀jẹ̀ ẹlẹ́dẹ̀ àti ìfun nínú ọbẹ̀ pupa, ẹran ehoro tí ata bò mọ́lẹ̀. Kì í sọ pé ó ta tàbí kò ta. Òórùn rẹ̀ ló máa ń sọ: eléyìí dà bíi koríko tí wọ́n sá sóòrùn, tọ̀hún dà bíi èèpo ọsàn.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Ẹtì, nígbà tí oníbàárà ti lọ tán, Dezhen gbé agbada kaná fún ìgbà kẹta. Ó da ata gbígbẹ sí i, ó ń yan án, ó tẹjú mọ́ àwọ̀ rẹ̀. Weng Lan ń sọ̀ kalẹ̀ bọ̀ láti yàrá rẹ̀.

"Àǹtí! Nǹkan ń jóná!"

Dezhen wo ọ̀tún, ó wo òsì. "Níbo?"

"Nínú agbada tó wà níwájú yín!"

Dezhen pa iná. Àlejò náà wo agbada, ó wo ojú rẹ̀. "Ẹ ò gbọ́ òórùn ẹ̀?"

Dezhen jókòó. Ọ̀rọ̀ tí kò lè sọ fún ará àtẹ̀gùn, ó sọ ọ́ fún ẹni tí yóò wọ ọkọ̀ ojú irin lọ́jọ́ Àìkú.

"Ẹ sì ń dá a dín bẹ́ẹ̀?"

"Kí ni kí n ṣe? Kí n lọ yá imú?"

"Ẹ yá tèmi," ni Weng Lan wí. "Mi ò mọ ata, ṣùgbọ́n imú mi ò ṣàìsàn."

"Ọmọ Ningbo ni yóò wá dín òróró Chongqing? Tí wọ́n bá gbọ́, wọ́n á lé mi nílùú."

"Ẹ̀yin lẹ máa dín in. Kí n sáà sọ ohun tí imú mi bá gbọ́ ni tèmi."

Wọ́n da èyí tó jóná nù. Dezhen yan ata mìíràn, ó gún un nínú odó òkúta, ó da yánmọtí lé e, ó sì gbé òróró kaná títí ó fi rú èéfín. Ó gbé e sọ̀ kí ó rọlẹ̀, ó fi ìpọnbẹ̀ bù díẹ̀ wọ́n sórí ata.

"Kí lo gbọ́?"

"Bí ewé tútù."

"Kò tíì tó." Ó gbé òróró padà kaná díẹ̀, ó tún bù ú wọ́n sórí ata. "Báyìí ńkọ́?"

"Bí ẹ̀pà tí wọ́n ń yan."

"Èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbóná, àbí èyí tí èèpo rẹ̀ ti ń ṣí?"

Weng Lan di ojú. "Èèpo ń ṣí. Ẹ dúró. Ó ti ń dùn. Àǹtí, ó ti dùn!"

Dezhen da ìpọnbẹ̀ àkọ́kọ́. Ata hó yàà, èéfín pupa bo àwọn méjèèjì. Weng Lan sín, ó sín, ó tún sín. "Imú tí ẹ yá ti fẹ́ kú o!"

"Kó má tíì kú, ó ku ìgbà méjì." Dídà àkọ́kọ́ wà fún òórùn, èkejì fún àwọ̀, ẹ̀kẹta fún títa.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Baba Tan ló kọ́kọ́ dé. Ó po núdù rẹ̀, ó jẹ ẹ̀ẹ̀mejì, ó dúró.

"Òróró yìí kì í ṣe ti tẹ́lẹ̀."

Ọwọ́ Dezhen dúró lórí abọ́ tó ń fi ọtí kíkan sí.

"Ti tẹ́lẹ̀ á kọ́kọ́ lu èèyàn kó tó kí i. Eléyìí kí mi ná." Ó gbé abọ́ sẹ́nu, ó mu omi rẹ̀ tán. "Lẹ́yìn náà ló wá lù mí. Kí lo ṣe sí i?"

Irọ́ kò wọ́n, bí Dezhen bá fẹ́ pa á. Weng Lan tẹjú mọ́ abọ́ tirẹ̀. Dezhen gbé ṣíbí sílẹ̀, ó sì sọ gbogbo rẹ̀ lójú gbogbo àwọn tó tò: ibà náà, òróró méjèèjì tó bàjẹ́, àti ẹni tó bá a gbọ́ òórùn.

"Oṣù kan gbáko!" ni Baba Tan kígbe. "O wà láàárín wa láìnímú, o ò lanu? Èmi rò pé iṣẹ́ ló sú ọ. Ó kù díẹ̀ kí n sọ̀ kalẹ̀ lọ sọ́dọ̀ àwọn tọ̀hún."

"Ẹ máa lọ nígbà náà."

"Lọ síbo? Núdù wọn dà bí okùn bàtà." Ó nu ẹnu rẹ̀. "Tó bá di ọjọ́ Ẹtì tí o fẹ́ dín òmíràn, pè mí. Imú tèmi kò níṣẹ́ mìíràn ju kó gbé awò ojú lọ."

"Imú tí sìgá ti pa?" ẹnì kan ké láàárín àwọn tó tò. "Ẹ̀gbọ́n Ran, ẹ má dá a lóhùn o! Èmi ni kí ẹ pè!"

Weng Lan lọ lọ́jọ́ Àìkú, ìgò òróró ata kan wà nínú àpò rẹ̀. Nígbà tí ọjọ́ Ẹtì pé, Baba Tan ti jókòó ti agbada kí Dezhen tó dáná. Àwọn méjì mìíràn fà sún mọ́ ọn. Ọ̀kan ní òun ti gbọ́ òórùn ẹ̀pà yíyan, èkejì ní irọ́ ni, Baba Tan ní kí àwọn méjèèjì panu mọ́.

"Ẹ pẹnu pọ̀!" Dezhen na ìpọnbẹ̀ sókè. "Òróró ò ní dúró dè yín!"

Wọ́n na ọrùn sórí agbada, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, wọ́n fà á símú.

"Dà á!" ni wọ́n wí lẹ́ẹ̀kan náà.

Ó dà á.