Ẹja Méjì Tí Ọmọ Mi Fi Sílẹ̀

Nígbà tí ọmọ mi obìnrin ń lọ sí Kánádà, ó fi ẹja méjì sílẹ̀ fún mi nínú àpótí dígí kékeré kan ní pálọ̀ wa ní Ìjẹ̀bú-Òde. Ẹja omi iyọ̀ ni wọ́n, ara wọn pọ́n bí ọsàn, wọ́n sì ní ìlà funfun. Bàbá rẹ̀ ti kú ṣáájú, nítorí náà èmi àtàwọn ẹja nìkan ló kù sílé.

Tó bá ti pè, ohun tó kọ́kọ́ máa ń sọ ni pé, "Màámi, ẹ jẹ́ n rí àwọn ẹja mi."

Lọ́jọ́ kan mo lọ síbi ìsìnkú ní Ìmùṣin, mo sì sùn síbẹ̀. Kí n tó dé, iná ti lọ, ẹ̀rọ tó ń fẹ́ atẹ́gùn sínú omi ti dákẹ́. Èyí tó tóbi nínú wọn ti kú. Èkejì dúró tì í nísàlẹ̀ omi, kò kúrò.

Nígbà tí ọmọ mi pè, mo ní, "Ọ̀kan ti kú. Má bínú."

Ó ní, "Màámi, ta ló wà lọ́dọ̀ yín báyìí?"

"Ẹja kan," ni mo wí.

Àwa méjèèjì rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà mo gbé fóònù sún mọ́ dígí náà kó lè rí i.