Ibùsùn Ọmọdé fún Òpin Ọ̀sẹ̀

Coralie Trewin, ẹni ọdún mẹ́tàdínláàádọ́rin, di ìyá àgbà ní Ọjọ́bọ̀ kan nínú oṣù kẹjọ, nígbà tí aago mẹ́wàá òwúrọ̀ ku ìṣẹ́jú díẹ̀. Ọmọ náà ti pé oṣù mẹ́wàá nígbà náà. Kò sí ẹni tó pè é láti bá a yọ̀. Inú ìwé iṣẹ́ tí ọ́fíìsì máa ń fi ránṣẹ́ sórí fóònù rẹ̀ ló ti rí i, láàárín iye aṣọ ìnura àti irú wàrà tí àlejò fẹ́: Àgbà méjì. Ọmọ ọwọ́ kan. Ẹ gbé ibùsùn ọmọdé wọlé. Orúkọ fún káàdì: Linh, Darcy, Coralie.

Ó kọ́kọ́ rò pé àṣìṣe ni, pé ọ̀dọ́bìnrin tó wà ní ọ́fíìsì ní Melbourne ti da orúkọ òṣìṣẹ́ pọ̀ mọ́ ti àlejò. Ó tún un kà. Orúkọ Darcy pọ̀ láyé lóòótọ́, ṣùgbọ́n Darcy mélòó ni yóò bímọ tí yóò sọ ọ́ ní Coralie, tí yóò sì gbé e wá sí oko yìí gan-an? Ó jókòó sórí òkìtì aṣọ ibùsùn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ká tán.

“Kí ló dé, ẹ̀gbọ́n mi?” Marivic, tí wọ́n jọ ń tún ilé náà ṣe, béèrè. Ọmọ ilẹ̀ Filipini ni. Awakọ̀ kan tó ń kó wàrà kiri ló fẹ́ ẹ wá sí Wirrabel, ìlú kékeré tó wà nítòsí, ní ogún ọdún sẹ́yìn, ẹnu rẹ̀ kò sì sinmi láti ìgbà náà. “Ṣé àwọn tó béèrè bóyá ìràwọ̀ wa mọ́lẹ̀ dáadáa ni wọ́n tún ń bọ̀?”

“Darcy ni.”

“Darcy wo?”

“Darcy mi.”

Marivic gba fóònù náà, ó kà á, ó fọwọ́ bo ẹnu. Lẹ́yìn náà ó bú sẹ́rìn-ín, omijé sì ń já bọ́ lójú rẹ̀ bó ṣe ń rẹ́rìn-ín. “Ó sọ ọ́ lórúkọ yín! Ẹ̀gbọ́n, orúkọ yín ló sọ ọmọ ẹ̀! Ẹni tó ń bínú síni kì í sọmọ lórúkọ ẹni. Ẹ dìde jàre, ẹ má jókòó sórí aṣọ àlejò, iṣẹ́ mi lẹ ń bà jẹ́.”

Ọdún mẹ́sàn-án rèé tí Coralie ti gbọ́ ohùn ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo gbẹ̀yìn. Oko àgùntàn ni oko náà tẹ́lẹ̀, ìrìn wákàtí kan àbọ̀ nínú ọkọ̀ sí Melbourne, Merv ọkọ Coralie ló sì jogún rẹ̀ lọ́wọ́ bàbá tirẹ̀. Nígbà tí Merv kú, Darcy wà níbi ìwakùsà ní ìwọ̀ oòrùn ilẹ̀ náà. Ó wá sin bàbá rẹ̀. Wọ́n sun òkú náà, wọ́n sì fọ́n eérú rẹ̀ sábẹ́ igi ńlá kan tí wọ́n ń pè ní igi ata, tó wà lẹ́bàá adágún omi oko. Darcy bẹ ìyá rẹ̀ pé kí ó ní sùúrù, pé nígbà tí àsìkò rírẹ́ irun àgùntàn bá fi máa yí po, òun yóò ti padà wá gba oko. Coralie ní ó dáa.

Ṣùgbọ́n ara rẹ̀ kò gba sùúrù náà. Ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ lójoojúmọ́, lásìkò tí Merv máa ń ti géètì wọlé, àwọn ajá a sá lọ síbẹ̀, wọn a jókòó, wọn a máa wo ọ̀nà. Coralie fara dà á fún oṣù márùn-ún. Ní oṣù kẹfà, ó fi àwọn ajá fún aládùúgbò, ó sì ta oko àti ilé. Kò sọ fún Darcy. Ó ń sún un di ọ̀la, pé òun yóò pè é. Ọkùnrin kan tó ń ta oúnjẹ ẹran ọ̀sìn ló bá Darcy yọ̀ lórí fóònù pé ìyá rẹ̀ ti bọ́ lọ́wọ́ wàhálà.

“Màámi, ibi tí bàbá mi wà lẹ tà,” ni Darcy wí nígbà tó pè. Kò pariwo. “Ó dáa. Lójú tèmi, ẹ̀yin náà ti kú.”

Lẹ́ẹ̀mejì ni káàdì Kérésìmesì tí Coralie fi ránṣẹ́ sí i padà wá, tí wọ́n kọ ọ́ sí i lára pé ẹni náà ti kó lọ. Lẹ́yìn ìyẹn, kò mọ ibi tí yóò fi ránṣẹ́ sí mọ́.

Àwọn tó ra oko náà sọ ọ́ di ilé ìsinmi fún àwọn ará ìlú ńlá. Wọ́n fi fèrèsé onírin dúdú tó ga dé òrùlé sí ilé náà. Wọ́n sọ ilé ìrẹ́run àgùntàn di yàrá ìjẹun, òórùn àgùntàn kò sì kúrò lára pákó ibẹ̀. Àwọn àlejò a máa yìn ín. Ní yàrá tí Merv kú sí, wọ́n gbé ọpọ́n ìwẹ̀ ńlá kan tí a fi bàbà ṣe sí ibi tí ibùsùn wà, kí ènìyàn lè máa wo òkè bó ṣe ń wẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì ni àwọn tọkọtaya máa ń dé, pẹ̀lú bàtà òjò tí ẹrẹ̀ kò kàn rí. Wọn a mu wáìnì, wọn a ya àwòrán kàǹgárú, wọn a sì padà lọ ní ọjọ́ Àìkú.

“Wọ́n ń sanwó wá gbọ́ pé kò sí ariwo,” Marivic máa ń wí. “Ọkọ tèmi ń hanrun lọ́fẹ̀ẹ́. Bí ẹnìkan nínú wọn bá fẹ́ ká pààrọ̀, kó wí.”

Nígbà tí ọ́fíìsì ń wá ẹni tí yóò máa tọ́jú ilé náà, Coralie lọ forúkọ sílẹ̀. Àwọn ará Wirrabel ní ìtìjú ni, kí ènìyàn máa fọ ilẹ̀ ilé tó ti jẹ́ tirẹ̀ rí. Ohun tí Coralie rò nínú ara rẹ̀ ni pé bí Darcy bá padà wá lọ́jọ́ kan, ibẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ wá.

Òfin méjì ni wọn kì í fi ṣeré nílé náà. Èkíní, ọwọ́ ni kí wọ́n fi kọ káàdì ìkíni, kí orúkọ gbogbo àlejò sì wà níbẹ̀. Èkejì, àlejò kò gbọdọ̀ rí òṣìṣẹ́. Kọ́kọ́rọ́ wà nínú àpótí kékeré lẹ́nu ọ̀nà, búrẹ́dì àti ẹyin wà lórí tábìlì, iná ti ń jó nínú ààrò, àfi bí ẹni pé ilé náà ló ń tún ara rẹ̀ ṣe.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ Ẹtì, Coralie to ibùsùn ọmọdé náà fúnra rẹ̀, ó tún un mì wò lẹ́ẹ̀mẹrin bóyá ó dúró. Nígbà tó kan káàdì, Marivic na ọwọ́.

“Ẹ jẹ́ n bá yín kọ ọ́.”

“Ìkọ̀wé mi ni mo fẹ́ kó rí.”

“Bó bá rí i tó sì bínú ńkọ́?”

“Á mọ̀ pé mo wà níbí. Bó bá wù ú, á wá.”

Ó kọ ọ́: Linh, Darcy, Coralie, ẹ káàbọ̀ sílé. Ọ̀rọ̀ ọ́fíìsì kò ju ẹ káàbọ̀ lọ. Òun ló fi “sílé” kún un.

Ilé kékeré tí Coralie ń gbé kò ju ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́fà lọ nínú ọkọ̀. Ó yan kéèkì àgbọn tí Darcy fẹ́ràn. Ó wọ ẹ̀wù búlúù, ó bọ́ ọ, ó tún un wọ̀. Ọjọ́ Ẹtì lọ. Ní òwúrọ̀ Àbámẹ́ta ó gbé omi tíì kaná lẹ́ẹ̀mẹta. Bí ọkọ̀ kan bá dún lójú títì, Coralie a dìde. Ọkọ̀ náà a kọjá, òun a tún jókòó.

Lọ́sàn-án, fóònù dún. Imogen ni, láti ọ́fíìsì.

“Àǹtí Coralie, ẹ má bínú o. Ọmọ wọn ti bì sórí aṣọ ibùsùn. Ṣé ẹ lè gbé òmíràn lọ? Ẹ kàn fi sẹ́nu ọ̀nà, ẹ má kanlẹ̀kùn.”

“Mo mọ òfin, Imogen.”

Ó ń tẹríba láti gbé ẹrù náà kalẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ni ilẹ̀kùn ṣí. Obìnrin kan tó di irun rẹ̀ sókè ló dúró síbẹ̀, ọmọ wà ní ìbàdí rẹ̀.

“Háà, ẹ má lọ mà! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi gbé e díẹ̀, kí n kó èyí tó dọ̀tí fún yín.” Kí Coralie tó mọ ohun tí yóò sọ, ọmọ ti wà lọ́wọ́ rẹ̀, obìnrin náà sì ti wọlé.

Ọmọ náà wúwo. Ó wo Coralie títí, ó na ọwọ́ mú ìgò ojú rẹ̀, ó fi bọ ẹnu. Irun dúdú ìyá rẹ̀ ló wà lórí rẹ̀, ṣùgbọ́n etí Merv ni etí rẹ̀, èyí tó nà síwájú bíi ti ọmọ àgùntàn. Coralie ń bẹ̀rù pé bí òun bá mí sókè, wọn yóò gbà á lọ́wọ́ òun.

“Ó mà fẹ́ràn yín o,” ni Linh wí nígbà tó jáde. “Kì í gbà kí àlejò gbé òun.”

“Kí lorúkọ ẹ̀?”

“Coralie. Orúkọ ìyá bàbá ẹ̀ ni. Màmá náà ti kú kí n tó mọ Darcy.” Ó rẹ ohùn sílẹ̀. “Ilé wọn nìyí, ṣé ẹ mọ̀? Èmi ni mo rí i lórí fóònù, mo ní kí n yà á lẹ́nu. Ẹnu géètì ló ti mọ ibi tí à ń lọ. Ó gba káàdì yín lọ́wọ́ mi, ó fi sápò. Láàárọ̀ yìí ó ti lọ sídìí igi yẹn. Ibẹ̀ ni wọ́n fọ́n eérú àwọn òbí ẹ̀ méjèèjì sí.”

“Àwọn méjèèjì,” ni Coralie wí.

“Bẹ́ẹ̀ ni mà. Ṣé ẹ mọ̀ wọ́n ni?”

Ọ̀rọ̀ kan péré ló yẹ kí ó jáde lẹ́nu rẹ̀. Ó wo ojú ọmọbìnrin náà, ojú ẹni tó gba ohun gbogbo tí ọkọ àfẹ́sọ́nà rẹ̀ sọ fún un gbọ́. Bí òun bá la ẹnu, ilé tí ọmọ ọwọ́ yìí ń sùn sí ni yóò kọ́kọ́ mì. Òun náà ti fi ọ̀rọ̀ pamọ́ fún Darcy rí, ó sì mọ ibi tó yọrí sí; síbẹ̀, ó gbé ọ̀rọ̀ náà mì.

“Mo mọ bàbá. Èèyàn dáadáa ni.”

“Màmá ńkọ́?”

“Mi ò fi bẹ́ẹ̀ mọ̀ ọ́n.”

“Kí lorúkọ yín, mà? Kí n lè sọ fún ọ́fíìsì bí ẹ ṣe tọ́jú wa.”

“Marivic,” ni Coralie wí.

Ìgbà tó gbójú sókè ló rí Darcy. Ó ń gòkè bọ̀ láti ẹ̀bá omi. Ó ti sanra díẹ̀, irun rẹ̀ sì ti ń pá níwájú. Ó rí ìyá rẹ̀ tó gbé ọmọ rẹ̀ dání, ó sì dúró. Ọgọ́ta ìṣísẹ̀ ló wà láàárín wọn, bóyá kò tó bẹ́ẹ̀. Coralie sọ nínú ara rẹ̀ pé bó bá gbé ẹsẹ̀ kan péré síwájú, òun yóò pe orúkọ rẹ̀, kí ohun tó bá fẹ́ bàjẹ́ bàjẹ́. Darcy fọwọ́ kan àpò àyà ẹ̀wù rẹ̀. Ó wolẹ̀. Lẹ́yìn náà ó yí padà, ó sì ń sọ̀ kalẹ̀ lọ síbi igi náà.

“Ẹ ò rí i?” ni Linh wí. “Ọ̀rọ̀ màmá ẹ̀ ṣì ń dùn ún.”

Coralie dá ọmọ padà. Ọmọ náà fi igbe ta, ó na ọwọ́ méjèèjì. Coralie gbé ẹrù aṣọ tó dọ̀tí, ó wọ ọkọ̀. Gbogbo aṣọ ilé náà ni ọkọ̀ ilé ìfọṣọ máa ń wá kó, ṣùgbọ́n èyí tí ọmọ bì sí kò fi sí i. Nílé, ọwọ́ ló fi fọ̀ ọ́, ó sì pẹ́ nídìí rẹ̀.

Wọ́n lọ ní ọjọ́ Àìkú, aago mẹ́wàá kò tíì lù. Wọn kò yà sí ibì kankan. Nínú ìwé àlejò, Linh kọ ojú ewé kan tó kún, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Marivic onínúure. Darcy kò kọ nǹkan kan.

“Èmi ni onínúure?” Marivic wí. “Ẹ̀yin òyìnbó tí ojú yín pupa bí tòmátò, ẹ pe ara yín ní Marivic, ó sì gbà?” Ẹ̀rín tó rín kò pẹ́. Coralie ti ròyìn gbogbo rẹ̀ fún un lórí ibùsùn tí wọn kò tíì tẹ́. “Ẹ̀gbọ́n, ẹ pe ọmọbìnrin yẹn, kẹ́ ẹ sọ fún un.”

“Kí n sọ kí ni? Pé mo jí dìde?”

“Òkú wo ló ń tẹ́ ibùsùn fún àlejò? Ohun tó ṣe yẹn ò dáa. Kí lẹ ń gbèjà ẹ̀ sí?”

“Ó sọ ọmọ ẹ̀ lórúkọ mi, Marivic. Ó fẹ́ràn mi.” Coralie mú ìrọ̀rí kan, ó ń gbọ̀n ọ́n láìdáwọ́ dúró. “Èyí tó kú ló fẹ́ràn.”

Ní ọjọ́ Ajé, Imogen pè. Inú rẹ̀ dùn. Ó ní tọkọtaya tó lọ lánàá ti gba gbogbo oko náà fún ìgbéyàwó wọn, ìyàwó ló fi dandan lé e; àlejò ogójì, ilé ìrẹ́run ni wọn yóò ti jẹun. Ó ní kí wọ́n fi orúkọ ẹni tí yóò ṣe iṣẹ́ náà ránṣẹ́ kí ilẹ̀ tó ṣú.

“Ẹ má ṣe é,” ni Marivic wí. “Èmi àti àbúrò ọkọ mi obìnrin á ṣe é. Ẹ lọ sí etíkun lọ́jọ́ yẹn. Ẹ lọ sùn.”

“Àbúrò ọkọ ẹ ò mọ bí wọ́n ṣe ń dáná sí ààrò yẹn tí kì í fi rú èéfín.”

“Èéfín á rú nígbà náà! Kó rú sí wọn lójú!”

Coralie mú fóònù, ó kọ orúkọ ara rẹ̀ sí i, ó fi ránṣẹ́. Ìgbéyàwó náà di Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kọkànlá, ní aago mẹ́ta ọ̀sán, lábẹ́ igi ata. Àwọn òṣìṣẹ́ gbọ́dọ̀ ti kúrò lóko kí aago méjìlá tó lù.