Maṣíìnì Tí Kò Ránṣọ Rí

Oṣù mẹ́ta ni báńkì fún mi láti fi tọ́jú ọmọ tuntun. Ọmọ mi ò tíì mọ ọwọ́ rẹ̀ yàtọ̀ sí ẹsẹ̀ tí wọ́n fi ní kí n padà sẹ́nu iṣẹ́. Onitsha ń tún ara rẹ̀ kọ́ lẹ́yìn ogun, owó epo ń wọlé, èrò ń tò ní báńkì wa láti àárọ̀. Kò sẹ́ni tó fẹ́ gbọ́ pé ọmọ ń sunkún.

Mo gbé e fún ìyá aránṣọ kan, ará Ọ̀yọ́ bíi tiwa, tó ní ṣọ́ọ̀bù ní ọjà Ochanja. Ìyá yìí tẹ́ àgékù aṣọ sábẹ́ maṣíìnì ẹlẹ́sẹ̀ rẹ̀, ó tẹ́ ọmọ sórí wọn, ó ń bá iṣẹ́ lọ. Bí maṣíìnì ṣe ń dún, ọmọ ń sùn fọnfọn.

Sátidé ni ìyọnu dé. Nílé ìjọba tí à ń gbé ní GRA, níbi tó dákẹ́ rọ́rọ́, ọmọ ké títí ohùn fi há. Mo pọ̀n ọ́n, mo kọrin, mo jó. Ó ń wò mí bí àlejò tí kò mọ ìgbà tó yẹ kó lọ. Ó dùn mí gan-an. Ẹ̀rù ń bà mí pé ìyá aránṣọ ni yóò mọ̀ ní ìyá, èmi á kàn jẹ́ ẹni tó ń wá gbé e nírọ̀lẹ́.

Ni mo bá lọ ra àlòkù maṣíìnì. N kò mọ bí wọ́n ṣe ń ki òwú bọ abẹ́rẹ́ o. Bó bá ti di Sátidé, màá tẹ́ ọmọ sábẹ́ rẹ̀, màá máa fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́. Bó bá rẹ̀ mí, ọkọ mi á gbà á. Ọmọ ń sùn, àwa là ń làágùn.

Àwọn aládùúgbò bẹ̀rẹ̀ sí í kó aṣọ wá. Ìyàwó dókítà kan bínú nígbà tí mo ní n kì í ránṣọ. Ó ní ìgbéraga ló ń dà mí láàmú. Ẹjọ́ dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń bójú tó ilé ìjọba, torí wọn ò fẹ́ ká ṣòwò níbẹ̀. Wọ́n rán ọkùnrin kan wá. Ó bá ọkọ mi, odindi ọ̀gá lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, nínú síńgílẹ́ẹ̀tì, tó ń tẹ maṣíìnì bí ẹni tí wọ́n ń lé.

"Oga, wia di cloth?"

"Cloth no dey."

"Thread nko?"

"E no dey."

"So wetin you dey sew?"

Ọkọ mi nawọ́ sábẹ́ maṣíìnì. "Na sleep."

Ọkùnrin náà bẹ̀rẹ̀, ó wo ọmọ, ó pa ìwé rẹ̀ dé, ó yọ́ jáde kó má bàa jí i.

Ọdún mẹ́rin la fi ṣe é. Gbogbo èèyàn ní ọmọ náà á di aránṣọ. Ẹnjiníà ló dà. Bí bọ́tìnnì ẹ̀wù rẹ̀ bá já, bàbá rẹ̀ ló ń gbé e wá bá.

Nígbà tí òun náà bímọ, tí ìsinmi ìbímọ tiẹ̀ ń parí lọ, mo bi í ní ohun tó ti ń bà mí lẹ́rù láti bi í: kí lohun àkọ́kọ́ tó rántí láyé rẹ̀? Mo ti múra sílẹ̀ láti gbọ́ ìyá aránṣọ.

Ó ní, "Ẹsẹ̀ yín ni, Màámi. Ẹ kun kútẹ́ẹ̀sì pupa, ti ọmọńdinrín ti ń ṣí. Ó ń lọ sókè, ó ń bọ̀ wá sísàlẹ̀. Mo máa ń wò ó títí màá fi sùn lọ."

Lọ́jọ́ kejì, mo gbé maṣíìnì náà lọ sílé rẹ̀. Mo mú ìgò kútẹ́ẹ̀sì pupa kan dání fún un.