Ọjọ́ Tí Mo Gbé Àkùkọ Lọ Sọ́dọ̀ Àwọn Ẹlẹ́sìn Búdà

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ fún mi láyè kí n ròyìn ohun tójú mi rí ní Ṣakí láyé ìjọba alágbádá, nígbà tí àwọn tíṣà ilẹ̀ òkèèrè ṣì pọ̀ nílé ìwé tí mo ti ń kọ́ni.

Ọ̀gá tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò wá láti Siri Láńkà. Ẹlẹ́sìn Búdà ni àwọn àtìyàwó wọn. Ohun tó fà mí mọ́ wọn ni pé wọn kì í bínú. Èmi tí mo máa ń fa pàṣán yọ kí ọmọ tó ṣẹ̀ tán, mo fẹ́ mọ àṣírí ẹ̀! Mo bẹ̀ wọ́n pé kí n wá bá ìjọ kékeré tó ń pàdé nílé wọn jókòó lọ́jọ́ Sunday, wọ́n sì gbà.

Bàbá mi nìkan ni mò ń bẹ̀rù. Àgbẹ̀ oníṣu ni wọ́n ní Ìpàpó, Mùsùlùmí paraku. Mi ò tíì sọ fún wọn.

Ṣé ọmọ Yorùbá wá lè lọ sílé àgbà lọ́wọ́ òfo? Mo ra àkùkọ ńlá kan, mo so ó lẹ́sẹ̀, mo gbé e lọ. Mo dọ̀bálẹ̀, mo ní kí ìyàwó ọ̀gá fi se ọbẹ̀ fún gbogbo ìjọ.

Gbogbo wọn ń wojú ara wọn. Ọ̀gá rẹ́rìn-ín músẹ́, wọ́n ṣàlàyé pé ẹ̀jẹ́ àkọ́kọ́ tí ìjọ wọn ń jẹ́ ni pé àwọn ò ní pa ohun ẹlẹ́mìí. Ojú tì mí, àfi bíi kí ilẹ̀ lanu! Wọ́n ní kí n tú àkùkọ náà sínú ọgbà, kí n wá jókòó. A dákẹ́, a ń ṣọ́ èémí wa. Ẹsẹ̀ ro mí, àmọ́ ọkàn mi balẹ̀ gan-an.

Nígbà tí mo fẹ́ máa lọ, mo ní mo fẹ́ di ọ̀kan nínú wọn. Ọ̀gá bi mí bóyá bàbá mi gbọ́. Mo ní rárá. Wọ́n ní kí n lọ sọ fún bàbá mi kí n tó padà wá.

Ní Saturday, mo lọ bá bàbá mi lóko. Mo sọ gbogbo ẹ̀ fún wọn. Wọ́n gbé ọkọ́ sílẹ̀, wọ́n bi mí pé ta ló ní kí n wá sọ fún àwọn. Mo ní tíṣà náà ni.

Wọ́n ní: “Ràṣídì, inú mi ò dùn sí i. Mi ò ní yé fi ẹ́ sínú àdúà mi. Ṣùgbọ́n ẹni tó fẹ́ jí ọmọ gbé kì í rán an wálé wá tọrọ àyè. Máa lọ.”

Mo sunkún láàárín ebè, inú mi sì ń dùn.

Ohun tí mo rí kọ́ ni pé ẹ̀sìn yòówù kéèyàn ṣe, kó má fi pa mọ́ fún ẹni tó bí i. Ẹ̀yin náà ńkọ́? Ta ló ti yọ̀ǹda yín rí, tí inú rẹ̀ ò sì dùn sí i? Ẹ sọ tiyín.